Yàrá Tó Lómi

Ọdún púpọ̀ ni mo fi pín bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kan ní Ọ̀fà. Bí sáà tuntun bá ti wọlé, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi ni àwọn òbí máa ń tò sí láàárọ̀, wọ́n á máa fi ohùn tó rọ̀ pè mí ní Mummy. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé bẹ́ẹ̀dì ti tán, ohùn á le. N kì í bínú sí wọn, àfi ẹni tó bá fi ọwọ́ lu tábìlì mi. Ẹni tó bá lu tábìlì mi, ọmọ rẹ̀ á lọ háyà yàrá ní ìgboro.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọkùnrin ló wà lábẹ́ mi. Ilé àtijọ́ ni. Omi kì í sábà yọ níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ìhòòhò ni àwọn ọmọ ń kí ara wọn káàárọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kò sì tó rí. Ẹni tí kò bá rí gbà á há mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóòmù kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹnì kejì, títí sáà á fi parí. Gbogbo wa la mọ̀, kò sì sí ẹni tó pè é ní nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló wá wúlò fún mi lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ le.

Ìdánwò àṣekágbá ti sún mọ́lé nígbà tí pọ́tà ẹnu géètì sáré wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní wọ́n ń lu ẹnì kan. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, lílù ti parí. Ọmọ náà jókòó sétí gọ́tà, ètè rẹ̀ wú, ó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu ẹrẹ̀ kúrò lára fóòmù rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Ìjàgbó ni, ó wà ní ọdún ìkẹyìn, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń kọ́. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í sì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀.

Alága họ́sítẹ́ẹ̀lì dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun àti ọ̀pọ̀ èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni alága yìí náà, ọmọ tó ga, tó sanra, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Yàrá kan náà ni òun àti ọmọ Ìjàgbó ń gbé. Orí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà ni wọ́n ń sùn, alága lókè, ọmọ Ìjàgbó nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹni ìsàlẹ̀ lọ wẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹni òkè mú fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ó rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọmọ Ìjàgbó àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú mìíràn ń kọ ránṣẹ́ síra wọn.

Alága ní, "Mummy, hómò ni. A ò lè bá a sùn nínú yàrá kan."

Mo ní, "Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó o bá a sùn?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ojú ti alága, mo sì ráyè fa ọmọ yẹn dìde. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe. Kò ní kí n lé ẹnikẹ́ni, kò ní kí n pe ọlọ́pàá. Ó ní, "Ibùsùn mi ni mo fẹ́, Mummy. Ìdánwò ti dé." Mi ò bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí. Títí di òní, mi ò tíì bi í, òun náà kò sì sọ. Gbogbo wa la mọ òfin tó wà nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lórí ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ọkùnrin. Èmi kọ́ ni wọ́n máa rán láti fa ọmọ ọlọ́mọ lé òfin lọ́wọ́ nítorí pé ẹnì kan jí fóònù rẹ̀ wò.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé oúnjẹ ọ̀sán kò lọ lẹ́nu mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì sì lorò wa. Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa lọ. Alhaji ni ọ̀gá wa, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń dún, kò fẹ́ wàhálà, kò sì fẹ́ kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ dé orí rédíò. Mo sọ fún un pé òfin ilé ẹ̀kọ́ wa ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí ẹ̀yà rẹ̀, tàbí àléébù ara rẹ̀. Mo ní kí a fi gbólóhùn kan kún un: tàbí nítorí ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ràn. Ó ní kí n wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Mo sọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni bọ́sà wa, ẹni tó ń tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́. Ìjọ Áńgílíkà kan náà ni èmi àti rẹ̀ ń lọ. Wọ́dìn ìjọ ni níbẹ̀, nítorí náà mò ń pè é ní Daddy lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì ń pè é ní "sà" lọ́jọ́ Ajé. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni, kọ́bọ̀ ìjọba kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Kò bú ọmọ yẹn, kò sì ka Bíbélì sí wa létí. Ohun tó sọ ni pé òfin yìí máa wọ́n jù.

Ó ní bí a bá fọwọ́ sí i pé a kò lè lé irú wọn jáde, a gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ó má baà di ìjà. Wọ́n á nílò ilé tiwọn. Wọ́n á nílò ilé ìwẹ̀ tiwọn, omi tiwọn, ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ wọn, àti lọ́yà tí yóò máa dá àwọn òbí lóhùn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò. Nígbà tó parí, iye tó jáde tó kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tuntun tí a ti ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba láti ayébáyé. Alhaji ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

Alhaji wá ṣe ohun tí àwọn àgbà ọ́fíìsì máa ń ṣe, ó pín in sí méjì. Ó ní kí wọ́n tún yàrá àlejò àtijọ́ tó wà nítòsí géètì ṣe, kí ọmọ yẹn máa dá gbé ibẹ̀ títí ìdánwò á fi parí. Ó ní, "Bí a bá rí iye tí ẹyọ kan ná wa, a ó mọ iye tí òfin Mummy máa ná wa bí wọ́n bá di ọ̀pọ̀." Bọ́sà gbà. Mo mọ̀ pé pàkúté ni. Alhaji tún ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, bóyá á kúkú mú un lọ sílé.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yàrá yìí fún ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mummy, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń yà mí sọ́tọ̀? Ibùsùn mi ni mo béèrè." Ó dùn mí wọra. Mo ní kó wọ ibẹ̀, kó máa kàwé rẹ̀, pé èmi ò tíì parí ìjà.

Ibi tí àwọn ọ̀gá wa ti ṣe àṣìṣe rèé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọmọ yẹn má baà fọwọ́ kan ohunkóhun tí àwọn yòókù ń lò, nítorí náà ohun gbogbo nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ dá dúró. Páìpù àwọn ọmọ kò yẹ é, wọ́n bá fa páìpù tuntun láti ibi tí omi àwọn ọ̀gá àgbà ti ń wá. Wọ́n gbé táǹkì lé e lórí. Wọ́n lẹ táìsì funfun mọ́ ilé ìwẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Iná rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì. Bọ́sà kò dá wọn dúró, ó fẹ́ kí owó náà pọ̀ kó lè rí nǹkan tọ́ka sí. Nígbà tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo dúró níwájú ilé ìwẹ̀ náà, mo sì jowú. Ó dára ju ilé tèmi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, omi kò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ tò síta pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó ń ta omi. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí omi ṣe ń tú ṣàà nínú yàrá ẹ̀bá géètì. Wọ́n rí ọmọ Ìjàgbó tó jáde síta, ó ti wẹ̀, ó ti pa ìpara, ó gbé ìwé há abíyá, ó ń lọ sí kíláàsì. Pọ́tà sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó bú u lọ́jọ́ náà. Ṣe ni wọ́n kàn ń wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ìṣòro yẹn."

Mo ní, "Ìṣòro wo?"

Ó ní, "Ti... ti yàrá yẹn, Mummy."

Mo lé e jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì nu ojú tán tí òmíràn fi dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ń wá ṣáá. Òmíràn mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí, ọ̀rẹ́ náà sì ń búra pé, "Òótọ́ ló ń sọ, Mummy, mo ti ń fura sí i láti ọdún kìn-ín-ní." Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí bóyá wọ́n lè gba èèyàn méjì síbẹ̀, torí pé òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń há mọ́ fóòmù kò fẹ́ pínyà.

Ẹni tí mi ò retí ló wá gbẹ̀yìn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Alága họ́sítẹ́ẹ̀lì ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mummy, èmi náà. Wọ́n ń fura sí mi."

"Ta ló ń fura sí ẹ?"

Ó ronú díẹ̀. "Èmi fúnra mi ni, Mummy."

Mo wò ó. "Ìwọ tó o ju fóòmù ọmọ ọlọ́mọ sí gọ́tà?"

"Ooru ló ń mú mi nígbà yẹn, Mummy. Mi ò sì tíì wẹ̀."

Mi ò rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Mo ní kó wá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ìpàdé lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, kó wọ aṣọ tó dáa. Ó dúpẹ́ gan-an. Ó rò pé mo fẹ́ bá a wá kọ́kọ́rọ́ ni.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀rín nìkan ni mo fi ọ̀sẹ̀ yẹn rín. Ọ̀rọ̀ ti yọ́ dé ìgboro. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ti ń jókòó tì mí láti ìgbà tí a wà ní ọmọge gbé báàgì rẹ̀ sí àárín wa. Fáìlì ìgbéga mi, tó ti ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, dúró sójú kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó jókòó lé e. Bọ́sà ń ṣírò owó páìpù àti táǹkì, kò fi báàgì obìnrin yẹn kún un. Òun ló dùn mí jù. Ìgbéga lè dúró.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Bàbá ọmọ náà ti Ìjàgbó gun ọ̀kadà wá. Àgbẹ̀ ni, ìdílé tó ń bọ Òrìṣà-ńlá ló ti wá, aṣọ funfun gbòò ló wọ̀ bó ti ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Alhaji kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún un níjòókòó, ó sì fi ọgbọ́n sọ fún un pé bóyá ó máa dára kí ọmọ rẹ̀ sinmi nílé díẹ̀.

Bàbá yẹn fetí sílẹ̀ dópin. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Alhaji. Ohun tí wọ́n ní ọmọ mi ṣe yìí, kò yé mi, mi ò sì ní purọ́ pé ó yé mi. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, a kì í fi afín rẹ́rìn-ín, a kì í fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́. Òrìṣà tó mọ wọ́n náà ló mọ àwa. A kì í bá a jà nítorí ọwọ́ tó fi mọ ọmọ. Mo ta iṣu, mo ta ẹ̀gẹ́, mo fi rán an wá síbí. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀."

Bọ́sà ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí yàrá kan ná ilé ẹ̀kọ́. Mo jẹ́ kó kà á tán. Mo wá bẹ Alhaji kí wọ́n pe alága họ́sítẹ́ẹ̀lì wọlé.

Alága wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, táì lọ́rùn. Nígbà tó rí àwọn àgbà tó jókòó yíká, ẹ̀rín náà pòórá. Mo ní, "Sọ ohun tó o wá bá mi sọ fún wọn." Ó wò mí, ó wo bàbá aláṣọ funfun, ó wo bàtà ara rẹ̀.

Alhaji ní, "Kí ló wá sọ?"

Mo dá wọn lóhùn pé, "Ó ní òun náà jẹ́ irú ẹni tí a torí rẹ̀ tún yàrá ṣe, sà."

Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Rárá o, sà. Omi ni mo fẹ́. Omi ni gbogbo wa fẹ́, sà."

Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé òun nìkan kọ́, pé àwọn tó ti wá bá mi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Mo bi wọ́n pé ta ni nínú wọn ni a máa kọ́ ilé fún, ta sì ni yóò wọ ọkàn wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yíjú sí bọ́sà. Mo ní, "Daddy, ọmọkùnrin méjì méjì ló ń sùn lórí fóòmù kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn láti ìgbà tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ò ṣírò owó láti yà wọ́n rí. Kí ló wá dé nísinsìnyí?" Àṣìṣe ni bí mo ṣe pè é ní Daddy lọ́jọ́ iṣẹ́. Ó yọ bọ́ lẹ́nu mi ni.

Bọ́sà wo ìwé ìṣirò rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé inú ló ń bí i, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Alhaji, mo ti ṣì í ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹ̀rù wa là ń kọ́lé fún." Ó fa gègé rẹ̀ yọ, ó sì fi ìlà kọjá gbogbo ohun tó ti kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá dábàá pé kí wọ́n fi gbólóhùn mi kún òfin, kí wọ́n sì fi owó tó kù nínú ti yàrá yẹn fa páìpù wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn sí ilé ìwẹ̀ gbogbo ọmọ. Alhaji wo bàbá náà, ó wò mí, ó fọwọ́ sí i.

Bí kì í bá ṣe pé àgbà ni mí, ijó ni ǹ bá jó jáde ní yàrá ìpàdé yẹn. Mo rìn délé lọ́jọ́ náà, mi ò wọ kẹ̀kẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mò ń kí, títí kan àwọn tí kò fẹ́ kí mi.

Alhaji fún ọmọ yẹn láyè láti máa bá a lọ nínú yàrá tó lómi bó bá wù ú. Ó ní òun ò fẹ́, ibùsùn òun lòun fẹ́. Mo bá ní kí alága ra fóòmù tuntun, kó sì rù ú lórí láti géètì dé yàrá, kí gbogbo ọmọ rí i. Ó rù ú. Yàrá táìsì di ibi tí a ń tọ́jú àwọn aláìsàn sí. Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan dùn bí oyin lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan wá ní kí n pàrọ̀ yàrá fún àwọn, mo ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ìgboro Ọ̀fà sì tóbi. Pọ́tà ní alága ń kọjú sí ògiri sùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó sú u.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò ìkẹyìn, àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí àṣà wọn, wọ́n ń fi máàkà kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí ara wọn láṣọ. Bàbá Ìjàgbó ti wá, ó dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú aṣọ funfun tirẹ̀. Àwọn ọmọ kan rò pé òun náà fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan sí i, wọ́n sáré lọ bá a. Ó gbé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Aṣọ òrìṣà ni, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ lọ kọ ọ́ sára ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó na máàkà sí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ń wá ibi tó ṣófo. Láàárín èjìká rẹ̀, ẹnì kan ti fi lẹ́tà gbàgẹ̀dẹ̀ kọ ọ́ pé: ẸNI ÌSÀLẸ̀, MÁ BÍNÚ. ẸNI ÒKÈ. Mo dúró, mi ò lè kọ nǹkan.

Mo ní, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ síbí?"

Ó ní, "Wọ́n ti kà á fún mi, Mummy."

Mo ní, "Ṣé kí n kọ tèmi lé e lórí?"

Ó mi orí. "Rárá, Mummy. Ẹ má bò ó. Ẹ kọ tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."